Mùkáílà àti Ilà Funfun Ara Lékeléke

Mùkáílà kì í jókòó. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń tọ́jú jangirọ́fà ńlá inú ọgbà ìṣeré wa ní Garki, nílùú Àbújá. Èmi Ìbídùnní sì ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Tí ẹ bá fún un ní àga, á dojú rẹ̀ dé, á wo ìdí rẹ̀ bóyá ìṣó kan ti ń yọ. Ìdáyátù ìyàwó rẹ̀, ìyá Balkis ọmọ wọn, sọ fún mi pé nílé wọn ní Jikwoyi, ìdúró ló fi ń jẹun. Ó ní tí lèmọ́mù bá ń wàásù, fáànù òkè ni ọkọ òun ń wò, kó má lọ jábọ́ lu àwọn èèyàn.

"Àìsàn ni," ni Ìdáyátù wí, tó ń rẹ́rìn-ín.

Àga mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ṣe bíi lékeléke ni wọ́n fi ṣéènì so rọ̀ mọ́ jangirọ́fà náà, ọmọ kan lẹ́yìn ẹyẹ kan. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbéra nílẹ̀, wọ́n á máa fò yí òpó po, ariwo àwọn ọmọ á sì gba gbogbo ọgbà. Nọ́ọ̀tì ló di ṣéènì kọ̀ọ̀kan mú mọ́ irin òkè. Mùkáílà fi ọ̀dà funfun fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan dé ara irin. Tí nọ́ọ̀tì bá yí, ì báà ṣe bíńtín, ilà náà á gé sí méjì, á sì mọ̀ pé ó ti ń tú. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti kọ gbogbo wọn nílà bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, bíi ti ojú rẹ̀.

Láràárọ̀, kí géètì tó ṣí, á gun àkàbà, á yẹ ilà wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, á gun lékeléke kan, á ní kí n tẹ bọ́tìnnì, á sì yí po lẹ́ẹ̀mẹta, òun nìkan. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń rí i lórí ìjókòó nìyẹn.

Lọ́dún yìí, àwọn tó ni ọgbà ní lékeléke ti di ti àtijọ́, pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọmọ ìwòyí fẹ́. Wọ́n ṣèlérí ṣéènì tuntun àti ẹ́ńjìnnì tuntun. Nígbà tó yá, wọ́n gé owó àtúnṣe náà sí ìdajì. Ṣéènì tuntun kò wá mọ́, ẹ́ńjìnnì tuntun kò wá mọ́, owó ọ̀dà àti páànù ló kù. Wọ́n tún dín ọjọ́ iṣẹ́ wa kù sí mẹ́ta lọ́sẹ̀. Inú bí mi gan-an. Owó tí kò tó tún nǹkan ṣe, òun náà ni wọ́n fi ń kùn ún lójú!

Ọjọ́ tí Mùkáílà kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ni àwọn akunlé wá. Wọ́n gé ẹnu àwọn ẹyẹ náà, wọ́n fi òòlù kan páànù mọ́ wọn nídìí bí ìrù rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ fàdákà sí gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀.

Òwúrọ̀ Sátidé ni wọ́n fẹ́ ṣí i. Àwọn ọmọ iléèwé kan láti Bwari ti tò síwájú mi nígbà tí Mùkáílà sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, tó sáré tọ̀ mí wá. Ó ti làágùn.

"Kai! Ìbídùnní, wọ́n ti kun gbogbo ilà mi."

"Ṣé ẹ ò lè kọ òmíràn ni, Bàbá Balkis?"

"Wọ́n fi òòlù lù ú, nọ́ọ̀tì lè ti tú! Mi ò mọ èyí tó ti yí mọ́."

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runfẹ́mi, tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, dé bá wa níbẹ̀.

"Bàbá Balkis, plíìsì, àwọn tó ni ọgbà ti jókòó. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Mi ò sọ pé ó bàjẹ́, ọ̀gá. Mo ní mi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi sípánà yẹ̀ ẹ́ wò títí di ọ̀sán."

"Ojoojúmọ́ ni ọkàn yín kì í balẹ̀! Ó dáa, ẹ kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé. Ẹ má padà wá mọ́."

Ọdún mọ́kàndínlógún, gbólóhùn kan. Mùkáílà kò bẹ̀bẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó ní, "Ìwọ náà lo máa ń tẹ̀ ẹ́ fún mi."

Mo bínú sí i. Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé, èmi náà ń wá oúnjẹ òòjọ́, kí ló dé tó fi dì í rù mí? Ìgbà náà ni mo rántí pé kò gùn ún láàárọ̀ yẹn. Láti ọdún mọ́kànlá, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

"Ọ̀gá," mo ní, "àgbà kan máa ń kọ́kọ́ gùn ún kí àwọn ọmọ tó gùn ún. Kò tíì sí ẹni tó gùn ún lónìí. Ẹ bá wa gùn ún, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré, màá tẹ̀ ẹ́."

Àwọn ọmọ gbọ́, ni wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́, "Ọ̀gá! Ọ̀gá!" Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó di ṣéènì mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ó wá wo òkè, níbi tí ṣéènì ti so mọ́ irin. Gbogbo rẹ̀ ń dán, ó rẹwà lójú. Ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kọ́kọ́ fún àwọn ọmọ ní áísìkirímù ná," ló wí. Kò wojú mi, kò sì wo ojú Mùkáílà tó ṣì dúró nídìí àkàbà.

Mo di àkàbà mú, Mùkáílà gòkè pẹ̀lú sípánà. Nọ́ọ̀tì kan tẹ̀lé òmíràn, gbogbo wọn le dáadáa, ojú sì ti ń tì mí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó dé orí ìkẹtàlá, ó ki sípánà bọ àpò. Ìka méjì ló fi yí nọ́ọ̀tì náà, ó sì tú wálẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi nọ́ọ̀tì náà hàn mí, ó wo àwọn ọmọ tó ń lá áísìkirímù lórí ìlà. Lẹ́yìn náà ni Mùkáílà jókòó sórí ilẹ̀ lásán, lójú gbogbo èèyàn, kò sì lè dìde.