Ọjọ́ Tí Mo Gun Òkè Àjà Ilé Olùkọ́

Mo rántí òórùn ìgbẹ́ àdán tó máa ń pàdé ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé olùkọ́, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama wa ní Èrìò. Òjò ń wọlé, àdán ń gbé òkè àjà, wọ́n sì ní ejò kan wà níbẹ̀ tó ń fi àdán ṣe oúnjẹ. Olùkọ́ ìṣirò kì í bá wa pẹ́; bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹrù rẹ̀ á ti wà lórí ọ̀kadà.

Èyí tó dé kẹ́yìn, obìnrin ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, tó máa ń sunkún bó bá rí ìṣirò, ti wá ń fi í ṣeré. Ìdánwò àṣejáde ọmọ náà kù díẹ̀ nígbà tí òjò rin ibùsùn olùkọ́ gbingbin. Ó ní òun ń lọ ní Fúráìdé.

Olórí àdúgbò ní, "Ìyá wa, ẹ ní sùúrù. Ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà."

"Mo gbọ́, bàbá. Ṣùgbọ́n ayé ni òjò ti ń pa mí."

Owó oṣù, ìjọba ló ni ìyẹn. Ilé ni tiwa. Síbẹ̀ àwọn àgbà ò fẹ́ dáwó. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àwa fẹ́ jẹ oyin, a sì gbé àáké pamọ́. Wọ́n ní ìṣó díẹ̀ ló yẹ̀, kí ẹnìkan gòkè lọ wò ó. Ẹnu mi, tí kì í gbọ́ ti ẹsẹ̀ mi, ló sọ pé, "Ejò wo? Ṣebí ọmọ ọdẹ ni mí!" Bẹ́ẹ̀, òkété nìkan ni bàbá mi pa rí.

Mo gun àkàsọ̀. Òkùnkùn biribiri. Nǹkan kan ń họ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi. Mo rọra kí i: "Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin onílé. Èmi kọ́ ni mo ní kí ẹ kó jáde o."

Ìyàwó mi kígbe nísàlẹ̀: "Ọmọ ọdẹ, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Ni ohun tútù kan bá wé mọ́ mi lọ́rùn. Mo fò. Àjà já. Èmi, pákó jíjẹrà àti ìgbẹ́ àdán, gbogbo wa bọ́ sórí ibùsùn olùkọ́, níwájú olórí àdúgbò. Wáyà iná àtijọ́ ló wà lọ́rùn mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n olórí àdúgbò gbójú sókè, ó rí sánmà látinú yàrá, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀.

"Ulé tí ọmọ olọ́mọ ń sùn rèé?"

Ẹni tó ní gẹdú gé e, ẹni tó ní kókó tà á. Kí Fúráìdé tó dé, páànù tuntun ti ń dán lórí ilé. Olùkọ́ tú ẹrù rẹ̀. Ọmọ wa yege.

Òun náà ti di olùkọ́ báyìí. Láìpẹ́ yìí ló pè mí láti Ìdó-Ilé, níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e lọ: "Bàbá, ilé tí wọ́n fún mi dára o, àfi nǹkan kan tó ń rìn lókè àjà." Mo ti darúgbó, ẹ̀rù mi ò tíì darúgbó; ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń lé olùkọ́ rere kúrò nílùú. Mo bi í bóyá àkàsọ̀ wà níbẹ̀.