Kíjìpá Lábẹ́ Dáńṣíkí

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo agboolé wa ní Òkè-Ìlá ní ìlú Adó ń pè ní Yèyé, gbà pé kò sí ohun tí èèyàn lè fi pamọ́ fún òun. Ó ní ara ọmọ aráyé ti máa ń sọ ìwà rẹ̀ tán kí ẹnu rẹ̀ tó là. Aṣọ híhun ló fi ń jẹun, kíjìpá líle tí àwọn àgbẹ̀ fi ń rán dáńṣíkí, tí àwọn obìnrin sì ń ró. Nítorí pé ó ti fi ojú wọn ìbàdí gbogbo Adó tán, ó dá a lójú pé òun mọ inú wọn pẹ̀lú.

Ẹni tó sanra, onísùúrù ni. Yèyé ní àyè pọ̀ nínú irú wọn, ọ̀rọ̀ burúkú á rí ibi jókòó sí. Ẹni tó tínrín, oníbìínú ni, nítorí ọ̀rọ̀ kò rí àyè kankan níbẹ̀, àfi kó tú síta. Ẹni tó ga á máa gbàgbé nǹkan, torí ohun tó bá gbọ́ lókè máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́. Ẹni kúkúrú ni olóríkunkun, ó ní ẹni tó ti sún mọ́ ilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ni yóò máa bẹ̀rù ìṣubú sí? Àgbà ìjọ kan sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà tó tóbi bí àgbá, tí kò sì sí ẹni tí kò bá jà rí. Bí a bá fi ti baba náà ko Yèyé lójú, á rọra mi orí.

"Ìyẹn kò sanra," á wí, "ó wú ni."

Èmi náà sanra. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pọ̀n mí ni mo ti sanra, ẹni tó bá pọ̀n mí lọ sódò gbọ́dọ̀ sọ̀ mí kalẹ̀ lójú ọ̀nà kó lè mí. Nítorí náà, onísùúrù ni mí, wọ́n ti dá ẹjọ́ yẹn tán kí n tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run mọ̀ pé inú mi a máa ru fùù. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ janlẹ̀ tí mo ń pariwo, Yèyé á wò mí tàánútàánú, á ní ebi ló ń pa ọmọ òun, wọ́n á sì gbé iyán wá. Kí ni kí n ṣe? Màá jẹ ẹ́. Bí mo ti ń bínú tó ni mo ń sanra tó, bí mo sì ti ń sanra tó ni wọ́n ń yìn mí fún sùúrù.

Ó wá di ọdún tí mo tó ilé ọkọ. Mo ti jáde ilé ìwé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ABD, tíṣà kan tó wá láti Ìjàn sì ń kọ́ àwọn tiwọn ní kíláàsì tó tẹ̀ lé tèmi. Ọkùnrin náà tínrín. Mi ò ní purọ́, bó bá yí ẹ̀gbẹ́ sí ọ, o lè rò pé ó ti lọ sílé. Ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ kan á bi í ní ìbéèrè kan náà títí agogo á fi lù, á sì máa dá a lóhùn bí ẹni pé kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ da yíǹkì sí i láṣọ, tíṣà ní kí ọmọ náà má sunkún, pé aṣọ náà ti ń wá àwọ̀ tipẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé èmi ni yóò máa fọ aṣọ náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì wọ̀, àwọn èèyàn rẹ̀ wá tọrọ mi. Bàbá mi ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, pé ẹ̀gbọ́n òun ni kí wọ́n bá sọ ọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni Yèyé bi alárinà, ó ní ṣé ọkùnrin náà sanra. Alárinà wúkọ́. Ó ní ó wà bẹ́ẹ̀.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," Yèyé wí. "Kí ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún wa lóko lọ́jọ́ Sátidé. Bó bá tínrín, kó padà sí ulé bàbá rẹ̀."

Ọ̀wẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ máa ń wá ṣe lóko àna, wọn a sì fi ìyẹn mọ̀ bóyá ó lápá. Kì í ṣe pé Yèyé kórìíra mi o. Ọkọ tó kọ́kọ́ fẹ́ ẹ tínrín, ó sì máa ń nà án. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni na ọmọ òun, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ni mi ò fi bá a jiyàn.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Mo pe tíṣà mi sí ẹ̀yìn ọgbà ilé ìwé.

"O máa sanra," mo wí fún un.

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ Sátidé."

Ó ní ó dáa. Mo yọ kíjìpá gígùn kan láti inú àpótí Yèyé, ó nípọn, aláró tó ní ìlà funfun. Mo kọ́ tíṣà bí yóò ṣe wé e láti àyà dé ìbàdí kó tó wọ dáńṣíkí lé e. Mo ní kó fún un mọ́ra dáadáa.

Oko wa wà lọ́nà Ìjàn. Nígbà tí wọ́n dé, Yèyé ti jókòó lábẹ́ igi níbi tí àwa obìnrin ti ń dáná. Ó rí ọkọ mi, ojú rẹ̀ túká. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ fún un, kò wá lè dìde. Aṣọ náà kò jẹ́ kó tẹ ìbàdí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fà á lápá. Yèyé rọra fọwọ́ kàn mí, ó ní irú ìwúwo bẹ́ẹ̀, ìwà pẹ̀lẹ́ ni.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ebè. Oòrùn mú. Àwọn yòókù bọ́ra sílẹ̀, tíṣà kò bọ́, ìnàró ló ń kọ tirẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀ wọ inú ebè.

"Ọmọ mi, bọ́ aṣọ," Yèyé ké sí i.

"Òtútù ń mú mi, Yèyé," ó fèsì.

Àánú ṣe Yèyé, ó ní kí n gbé omi lọ fún un. Mo ń lọ tèmi ti igbá nígbà tí mo rí etí aṣọ aláró tó yọ jáde lẹ́yìn dáńṣíkí. Ẹni tó ń kọ ebè tẹ̀ lé e kò rí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tíṣà ń lọ síwájú, aṣọ ń tú. Bó ti ń kọ ebè kan tán ló ń tínrín sí i. Yèyé dìde, ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé etí aṣọ náà, ó yẹ ìlà funfun rẹ̀ wò.

"Ulé ni mo fi aṣọ yìí sí," ó wí. Ó fà á. Tíṣà yí po títí aṣọ fi tán, dáńṣíkí wá ń fẹ́ lára rẹ̀ bí èyí tí a sá sórí okùn. "Àṣé ulé mi ni ọkùnrin yìí ti yá ara wọ̀. Ẹni tó tínrín báyìí, ùbínú ni. Kó máa lọ."

Mo ju igbá omi mọ́lẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é.

"Èmi ni oníbìínú ibí yìí," mo wí, ohùn mi sì dé oko kejì. "Láti kékeré ni mo ti ń bínú, uyán lẹ ń fún mi. Ẹni tí mo fẹ́ nìyí, ó tínrín, kò tíì bínú rí, n kò sì fẹ́ ẹlòmíràn."

Gbogbo ọkọ́ dúró. Bàbá mi di ojú. Yèyé ti ń yíjú sí ibi ìkòkò gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó wá dúró, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, bí ẹni tí kò hun aṣọ fún mi rí. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti lè bẹ̀rẹ̀ wàyí, ó mú igbá náà, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀, ó ní kí Yèyé má bínú, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn parí ebè.

"Ta ló ní kó o wé aṣọ mi?" Yèyé bi í.

Ó wò mí. "Òun ni."

"O ò wá sọ fún un pé o ò ṣe?"

"Ẹ̀rù bà mí, Yèyé."

Ẹ̀rín bú lóko. Yèyé rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìró rẹ̀ mú. Nígbà tó rí èémí, ó tọ́ka sí mi.

"Ọmọ yìí kò sanra," ó wí. "Ó wú ni."

Ó ká kíjìpá náà, ó gbé e lé tíṣà lápá. "Má dá a padà fún mi. Ìwọ tí ò ń lọ bá eléyìí gbé, wàá lò ó." Bàbá mi ní kí wọ́n parí iṣẹ́, oòrùn ń lọ. Bí wọ́n ṣe fi mí fún ọkọ nìyẹn.

Inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí n ó gbé ọwọ́ sí. Ṣùgbọ́n wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ, iyán funfun ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń ta kété sí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ti wá gbà pé mo ń bínú. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni kò gbé iyán wá fún mi nìyẹn, ebi sì ń pa mí gan-an.