Òróró Lórí Aago Bàbá Ará Udine

Ọdún mọ́kànlá ni Oyèrónkẹ́ fi gbé àwọn arúgbó láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga ní Collegno, nílẹ̀ Ítálì, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi sọ pé òun ò ṣe mọ́. Dókítà kọ ọ́ síwèé. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ kí i dáadáa, wọ́n sì ní kó máa lọ. Bí obìnrin ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta, tí ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti kúrò nílé, ṣe wá jókòó bí ọmọ iléèwé nìyẹn, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi góòlù ṣe ọnà sínú irin.

Signora Martina ló ń kọ́ ọ, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Torino. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọwọ́ wọn sì ti ń gbọ̀n. Iṣẹ́ náà rọrùn lẹ́nu. Wọ́n á fi bulino, irin ṣóńṣó tó mú bí abẹ, fa ìlà sójú irin. Wọ́n á gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìlà náà nísàlẹ̀, kí inú rẹ̀ lè fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ bí ìkòkò. Wọ́n á tẹ́ okùn góòlù tó rọ̀ síbẹ̀, wọ́n á sì máa fi òòlù kékeré lù ú jẹ́jẹ́, títí góòlù á fi kún inú ìkòkò náà. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí iná. Bó bá ti wọlé, kì í jáde mọ́.

Odidi oṣù mẹ́fà tí Oyèrónkẹ́ fi ṣe é lórí irin ìkọ́ṣẹ́, kò yọ rí. Ṣùgbọ́n èyí tó wà níwájú rẹ̀ báyìí kì í ṣe irin ìkọ́ṣẹ́. Ìdérí aago àpò ni, ti olóògbé bàbá ọkùnrin kan ní Udine. Ewé àjàrà ni ọkùnrin náà fẹ́ lójú rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ló sì ń bọ̀ wá gbà á. Signora ti là á mọ́lẹ̀: bí ewé náà bá jókòó, àwọn á kọ contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́, fún un. Bí kò bá jókòó, kí kálukú máa bá tirẹ̀ lọ. Permesso Oyèrónkẹ́, ìwé tó fi ń gbé ìlú náà, sì ń parí lóṣù tó ń bọ̀. Láìsí contratto, kí ló fẹ́ kó lọ sí questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń ṣe ìwé náà? Ẹ̀rín?

Nítorí náà ló ṣe ṣe ohun tó máa ń ṣe sí gbogbo ohun tó bá ká a láyà. Òróró àdúrà tó gbà ní ṣọ́ọ̀ṣì ti kan kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, ó ti kan fóònù, ó ti kan ìlẹ̀kùn firiji pàápàá. Ó kán an sójú aago náà, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọnú ìlà tó ti gbẹ́ síbẹ̀ dáadáa, ó ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tẹ́ ewé àkọ́kọ́. Ó lù ú, ó jókòó. Ó fi èékánná kàn án, etí góòlù náà dìde. Ó bojú wẹ̀yìn. Signora ò wo ibẹ̀. Ó gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n, ó fi kún òróró, ó tún un lù. Ó tún dìde. Lọ́jọ́rú, bákan náà.

Nínú metro, ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé e padà sílé ní Fermi, ó rí ọlọ́pàá méjì, ó sì di báàgì mọ́ àyà, bẹ́ẹ̀ permesso rẹ̀ kò tíì kú. Ó ka àwọn tó lè máa bínú sí i nílé ní Ìkirè. Ó rí mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn sì ti kú. Ó pe Tíolúwaní, ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ní Padova. Ọmọ náà fi èdè Ítálì dá a lóhùn bí ìṣe rẹ̀, pé kí mamma lọ sọ fún Signora kíá. Oyèrónkẹ́ ní òun ti gbọ́. Kò sọ.

Ní Ọjọ́bọ̀, Signora fúnra wọn fa àga wá. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n fi abẹ́rẹ́ kan ewé náà, odidi rẹ̀ sì ṣí wá sókè. Wọ́n fọwọ́ nu inú ìlà, wọ́n gbóòórùn ìka wọn.

“Ta ló fi òróró síbí?”

Oyèrónkẹ́ lè sọ pé láti ara irinṣẹ́ ni. Irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n òróró tí wọ́n gbàdúrà sí ni, báwo lèèyàn á ṣe purọ́ mọ́ ìyẹn?

“Èmi ni, mà. Mo fi ń gbàdúrà sí i ni. Nígbà tí kò jókòó, mo tún fi kún un.”

Signora yọ awò. Oyèrónkẹ́ ti ń wo ibi tó gbé ẹ̀wù òtútù rẹ̀ kọ́ sí.

“Láti ìjẹta ni mo ti ń rí i,” ni wọ́n wí, ohùn wọn sì ti lọ sílẹ̀. “Mi ò lè sọ ọ́. Mo rò pé ojú mi ló ti kú, pé èmi ni mo kọ́ ẹ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́. Ẹ̀rù bà mí.”

Wọ́n wá ṣàlàyé pé òróró ti gba ààyè góòlù nísàlẹ̀ ìkòkò, ló fi ń yọ̀ jáde. Kó yọ gbogbo rẹ̀, kó fi spirit fọ̀ ọ́ títí yóò fi gbẹ fúrúfúrú, kó tún ẹ̀gbẹ́ ìlà náà gbẹ́. Àwọn ò ní fọwọ́ kàn án.

Oyèrónkẹ́ gbẹ́ ẹ tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù, ó sì ń mú èémí mọ́ra kó má baà fi èémí rin ín. Ó tún ewé náà tẹ́, ó sì lù ú. Lọ́jọ́ Ẹtì, ará Udine fi àtàǹpàkò ra ewé náà lẹ́ẹ̀kan, ó tún un rà, bí ẹni ń wá ibi tó ti máa yọ. Kò rí i. Ó di aago náà sínú aṣọ, ó dúpẹ́, ó lọ.

Signora ti contratto náà sí Oyèrónkẹ́ lórí tábìlì. Bí ó ti fọwọ́ sí i tán ni wọ́n bọ́ awò wọn. Wọn kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan.

“Òróró yẹn,” ni wọ́n wí, tí wọ́n sì di ojú, “ṣé èèyàn lè fi sí ìpéǹpéjú?”