Ará Ìjàyè Ló Kọ́kọ́ Gba Ọ̀nà Tuntun

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí afárá tuntun lábúlé wa, gbogbo wa la rọ́ sórí rẹ̀, tèrò tọkọ̀, ó sì já. Àwọn kan ò jáde nínú omi. Èmi jáde. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ohun tuntun máa ń bà mí.

Ẹ̀rù yìí ni mo gbé wọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Akínyẹlé. Ilé iṣẹ́ wa ń bá àgbẹ̀ wá ọkọ̀ akẹ́rù. Bí àgbẹ̀ bá tẹ fóònù, ìbéèrè rẹ̀ á wọ inú àwọn ètò kéékèèké tó ń ran ara wọn níṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mò ń kọ àṣẹ tó ń darí ìbéèrè náà sí ètò tí yóò bá a wá ọkọ̀. Orúkọ kan ṣoṣo ni fóònù mọ̀, "Wá Ọkọ̀". Ẹ̀yìn orúkọ yẹn ni mo ti ń pín ọ̀nà: èyí sọ́dọ̀ ètò àtijọ́, ìyẹn sọ́dọ̀ tuntun.

Àsìkò ẹ̀gẹ́ ni ètò tuntun kan tó ń wá ọkọ̀ dé. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá ti wú kì í pẹ́ bàjẹ́. Ọ̀gá wa, Káyọ̀dé, ní kí n darí gbogbo àgbẹ̀ síbẹ̀. Mo ní kí ará Ìjàyè nìkan kọ́kọ́ lọ ná.

"Àǹtí Ràṣídà, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù."

"Ó pọ̀, ọ̀gá. Òun ló jẹ́ kí n ṣì wà láyé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà. Mo darí wọn síbẹ̀ láàárọ̀. Ní ìyálẹ̀ta, ó pe àwọn ará Ìjàyè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ṣé dáadáa ni. Gbogbo wọn ní, "A dúpẹ́ o, Ọlọ́run á máa tì yín lẹ́yìn."

"Ẹ ṣí i fún gbogbo ayé, Àǹtí!"

Ọwọ́ mi ti wà lórí bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ará oko ni mí: bí ilé wa bá tilẹ̀ ń jó, tí èèyàn bá kí wa, a óò kọ́kọ́ dúpẹ́. Mo pe Bàbá Súlè, àgbẹ̀ Ìjàyè kan.

"Bàbá, níbo lọkọ̀ yín wà báyìí?"

"Ọkọ̀ wo? Orí òkìtì ẹ̀gẹ́ ni mo jókòó sí láti àárọ̀. Fóònù ní ó ń bọ̀. Ṣé láti Mẹ́kà ló ti ń bọ̀ ni?"

"Kí ló wá dé tí ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá?"

"Ó kí mi. Ṣé kí n bú u ni?"

Mo yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò: ètò tuntun ń dá àgbẹ̀ lóhùn, kò sì ránṣẹ́ sí awakọ̀ kankan! Mo yí ìlà kan padà nínú àṣẹ mi, mo dá Ìjàyè padà sí ọ̀nà àtijọ́, mo ní kí wọ́n tún fóònù tẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ọkọ̀ ti kó ẹ̀gẹ́ wọn tán. Ará Lágelú àti Ẹgbẹ́dá, tí wọn ò kúrò lọ́nà àtijọ́, ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

Káyọ̀dé tún ètò náà ṣe. Nígbà tí a tún dán an wò ní Ìjàyè, òun fúnra rẹ̀ ló pe Bàbá Súlè: "Bàbá, níbo lọkọ̀ wà?"

"Ó ti ń fọn fèrè létí mi!"

Mo ṣí ọ̀nà fún Lágelú, mo ṣí i fún Ẹgbẹ́dá, díẹ̀díẹ̀, títí kò fi ku ẹnì kan lẹ́yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo èèyàn ló dé òdìkejì.