Àgbà tí mo mú lọ bẹ ọ̀gá mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹni tó bá mi lọ bẹ ọ̀gá lónìí gan-an ló da ọ̀rọ̀ mi rú.

Láti ìgbà tí báńkì wa ti ń wá ẹni tó máa lọ sí ẹ̀ka Ekiadolor, láàárín oko rọ́bà lẹ́yìn ìlú, ọkàn mi ò sí ní ìgboro Bìní mọ́. Oníbàárà á máa bá mi sọ̀rọ̀ ní kántà, igi rọ́bà ni èmi á máa rí, ìkùukùu òwúrọ̀ láàárín wọn, láìsí ariwo tàìpúráítà kankan.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yan ẹni tó ń lọ.

Mi ò lè dá a sọ fún mánẹ́jà. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa, àgbà ló ń báni gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀. Mo bá mú bàbá ìjọ wa lọ.

Mo kúnlẹ̀. Bàbá kí mánẹ́jà, wọ́n kí aya, wọ́n kí ọmọ, wọ́n wá sọ ohun tí mo fẹ́.

Mánẹ́jà fẹ̀yìn ti àga. "Ibẹ̀ lèmi náà ti bẹ̀rẹ̀. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí ewé rọ́bà yẹn, èèyàn á kàn fẹ́ sùn ni."

Ọkàn mi ti ń rìn lọ lábẹ́ igi nígbà tí bàbá tún sọ̀rọ̀.

"Àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká ṣe ìkórè ìjọ tán ná. Ọmọ yìí ló ń lé orin fún wa."

Mánẹ́jà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. Padà sí kántà, ọmọ mi."

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni mo máa rán sí bàbá báyìí, kó lọ bá mi bẹ ẹni tó bá mi bẹ̀bẹ̀?