Ihò Afẹ́fẹ́ Tó Wà Lókè Tábìlì Wa

Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ tí òórùn àkàrà tí a mọ̀ yí padà di òórùn àpò tó ń jó. Èmi àti ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá mi nìkan la wà ní yàrá òkè, nílé-iṣẹ́ kan tó ń ra kòkó n'Ìkọ̀lé, láyé ìgbà tí fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó kọ́ ilé náà ti gbé òkè òkun rí. Ẹ̀rọ amúlétutù ńlá kan ṣoṣo ló gbé sísàlẹ̀, ó sì fi páànù ṣe ọ̀nà gígùn bí àpótí, tó ń gbé afẹ́fẹ́ tútù gba inú àjà lọ sí gbogbo yàrá; ihò rẹ̀ kan là sókè tábìlì wa. A fẹ́ràn ọ̀nà náà. Ohunkóhun tí ìyá olóúnjẹ wa bá gbé kaná nísàlẹ̀, imú wa á ti mọ̀ ọ́n kí ó tó jinná. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ọ̀nà tí àkàrà ń gbà gòkè, nǹkan mìíràn lè gbà á.

"Ìyá olóúnjẹ ti jẹ́ kí ẹ̀wà jóná lónìí," ni mo wí, mo sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi kò rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni èémí ti máa ń há a láyà. Èéfín ìdáná lásán tó láti dá a dùbúlẹ̀. Ó fi etí gèlè bo imú. "Jọ̀ọ́, àbúrò, gbé amúlétutù yẹn sókè, kí òórùn yìí lè lọ."

Mo yí bọ́tìnnì ara ògiri dé òpin. Ohun tí àwa méjèèjì mọ̀ ni pé afẹ́fẹ́ a máa lé òórùn. A kò mọ̀ pé yàrá tí wọ́n ń kó ògbólógbòó àpò kòkó sí nísàlẹ̀ ti gbaná láti ara wáyà, pé ẹ̀rọ náà ló ń fa èéfín ibẹ̀, òun náà ló sì ń pín in fún wa. N kò tíì jókòó padà tí èéfín dúdú fi tú jáde lójú ihò. Ìyá olóúnjẹ figbe ta nísàlẹ̀: "Uná o! Ẹ sọ̀ kalẹ̀ o! Uná!"

Iná kò sí lókè rárá, kò sí níbi àtẹ̀gùn. Síbẹ̀ n kò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Irin wà lójú fèrèsé nítorí olè. Mo di ọ̀gá mi lápá mú, a ń rá lórí ilẹ̀, èémí rẹ̀ ń dún bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ tó ti lu. Nígbà tí a dé orí àtẹ̀gùn, èémí náà dákẹ́. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé ẹ̀rù kì í bà mí, ẹkún ni mo ń sun bí mo ṣe ń wọ́ ọ lọ. Ọlọ́dẹ ló sáré lọ pa iná mànàmáná. Ẹ̀rọ dákẹ́, èéfín sì dẹwọ́ díẹ̀, ọlọ́dẹ wá bá mi gbé ọ̀gá mi dé abẹ́ igi máńgòrò níta. Ibẹ̀ ló ti wúkọ́, tí mo fi mọ̀ pé ó wà láàyè.

Àwọn ará àdúgbò fi omi àti iyanrìn pa iná náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kun gbogbo ilé ní ọ̀dà tuntun, ọ̀gá àgbà sì ní kí a padà sídìí iṣẹ́. "Ilé ọba tó jó," ó ní, "ẹwà ló bù sí i."

Ọ̀gá mi gbójú sókè wo ihò náà. "Ẹwà ti dé, sà. Ọ̀nà tí ikú gbà wọlé ń kọ́, ṣé a ti tì í?"

"Ìyá, ẹ ti fẹ́ sọ páànù di ejò," ni ẹnì kan wí, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá."

Opó ni ọ̀gá mi, iṣẹ́ yẹn ló fi ń tọ́ ọmọ, kò lè fi í sílẹ̀. Ó gbé àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kì í gbé báàgì kúrò lórí ẹsẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti hùn, àwa méjèèjì á gbójú sókè. Lọ́jọ́ kan, búrẹ́dì lásán ló jó nísàlẹ̀. Ọ̀gá mi ti dé ìdí máńgòrò kí n tó rí bàtà mi wọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń tọ ọ̀gá àgbà lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ.

Bóyá ọ̀rọ̀ náà ló sú u, bóyá ẹ̀rù ti ń ba òun náà, ọ̀gá àgbà pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan wá láti Adó. Ọkùnrin náà fi ìlẹ̀kùn irin kékeré sínú ọ̀nà páànù, níbi tó ti ń ti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè. Òjé kékeré kan ló gbé ìlẹ̀kùn náà dúró. Bí iná bá ti yọ́ òjé, ìlẹ̀kùn á já lulẹ̀, á dí ọ̀nà. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó fọwọ́ já òjé náà kí ìlẹ̀kùn lè dí ọ̀nà, ó ní kí ìyá olóúnjẹ sun ewé tútù nínú agbada ní yàrá àpò, kí gbogbo wa sì jáde.

Ọ̀gá mi kọ̀. Ó lọ jókòó sábẹ́ ihò. "Èmi ni èéfín yìí mọ̀. Bí kò bá rí mi mú, kò lè rí ẹnikẹ́ni mú." Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta.

Ihò kò mí. Ṣùgbọ́n èéfín tín-ín-rín kan yọ ní igun yàrá, níbi tí páànù ti la ilẹ̀ kọjá. Mo fa ọ̀gá mi jáde. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ po sìmẹ́ǹtì, ó dí àlàfo náà yíká. Nígbà tó gbẹ, wọ́n tún sun ewé, ọ̀gá mi tún lọ jókòó. A dúró, a dúró, títí ìyá olóúnjẹ fi pariwo nísàlẹ̀: "Ewé mi ti jó tán o! Ṣé ẹ ti yó lókè?" Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ sórí tábìlì.

Mo ti dàgbà báyìí. Bí mo bá wọ ọ́fíìsì kan, òkè ni mo kọ́kọ́ ń wò kí n tó kí àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé àdúrà ni mo ń gbà. Wọn kò sì ṣìnà púpọ̀. Àmọ́ ohun tí mo máa ń rántí jù ni ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìdánwò kejì yẹn, nígbà tí ìlẹ̀kùn irin ṣì dí ọ̀nà páànù, tí ọ̀gá mi na imú sókè bí ìṣe rẹ̀ àtijọ́, tó béèrè pé, "Kí ni ìyá olóúnjẹ ń sè?"

Àwa méjèèjì wo ara wa. A kò mọ̀.