Ọmọrí Ìkòkò Omi Ìyá Àgbà

Tí ọmọ iléèwé mi kan bá fi aṣọ tútù nu pátákó, òórùn ẹfun a gbé mi padà sẹ́yìnkùlé ìyá àgbà, lábúlé wa lọ́nà ìlú Kamina.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń fi iyanrìn fọ ọmọrí ìkòkò omi wọn, òkúta dúdú pẹlẹbẹ kan tí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kún ara rẹ̀. Wọ́n rọra di ọwọ́ mi mú.

"Má jẹ́ kí ìlà yẹn pa rẹ́. Bàbá mi ló fà á."

Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé síléètì ìkọ̀wé bàbá wọn ni, olùkọ́ àkọ́kọ́ lábúlé wa, tí ogun gbé lọ nígbà tí ìyá àgbà ṣì kéré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá àgbà ti ìka mi bọ omi, wọ́n sì fi kọ lẹ́tà kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ sórí òkúta náà. Kò pẹ́, oòrùn ti lá a gbẹ.

Wọ́n ní, "Tún un kọ."